Kí Ayùn Tó Kan Férémù: Ọ̀rọ̀ Lórí Sísọ Power Bike Oníjókòó Méjì Di Oníjókòó Kan

Ohùn márùn-ún ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí sórí ìkànnì wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò tó láti gbọ́ ọ, àti fún àwọn tó wà ní ìsọ̀ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan.

OHÙN KÌÍNÍ

   

Admin ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí power bike tí àwọn ọmọ wa ń rà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, bàbá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà: "Ọmọ mi fẹ́ yọ ìjókòó ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di single seat. Ṣé kí n gbà fún un?" Mo ní kí n kúkú dá gbogbo wa lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mọ̀ pé ìdí páàtì alùpùpù ni mo wà ní Sabon Gari níbí. Láti orí Jincheng àti Bajaj tí a fi ń kó ọjà, títí dé orí àwọn ńlá tòkunbọ̀ tí ariwo wọn ń jí ọmọ lójú oorun, gbogbo rẹ̀ ló ń gba iwájú mi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Suzuki GSX-R, Honda CBR, Yamaha R1 àti R6, Kawasaki Ninja, àwọn wọ̀nyí ni mò ń pè ní power bike. Ìjókòó méjì ló máa ń wà lórí wọn. Ti ẹni tó ń wà á fẹ̀ díẹ̀. Ti ẹni tó wà lẹ́yìn kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ, ó sì ga sókè bí ẹni tí wọ́n gbé sórí àpótí. Tí wọ́n bá ní single seat, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n yọ ìjókòó kékeré ẹ̀yìn yẹn, wọ́n fi ìdérí líle bò ó kí ìdí alùpùpù lè rí ṣóńṣó, wọ́n sì yọ ìtẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn kúrò. Àwọn tó ń tà á ń pe ìdérí yẹn ní seat cowl. Èmi á máa pè é ní ìdérí ẹ̀yìn títí tí mo fi máa parí.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ wa ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù gan-an ń ṣe é. Ducati 916 tó jáde ní 1994, oríṣi méjì ni wọ́n tà: èyí tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan àti èyí tó jẹ́ méjì. Suzuki Hayabusa tó jáde ní 1999, ní ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ti ń tà á, ìdérí ẹ̀yìn ń bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ibi eré ìje ni àṣà náà ti wá, torí pé ẹni kan ló ń sáré, kò séèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀? Àkọ́kọ́, ẹwà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èkejì, wọ́n ní ó ń fúyẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìwọ̀nba kílò díẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí alùpùpù rẹ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó dín iyán alẹ́ kù. Ẹ̀kẹta ni pé tí ìjókòó ò bá sí, kò sí ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun.

Èyí ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kano mọ̀ pé láti ọdún 2013 ni ìjọba ti fòfin de kí alùpùpù máa gbé èrò kiri nínú ìgboro. Achaba tó kún títì tẹ́lẹ̀ pòórá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gba ipò rẹ̀. Ti Maiduguri ti ṣáájú, ní 2011. Tí ọlọ́pàá bá wá rí ọmọ Yorùbá tó gbé ẹnì kan sẹ́yìn nílùú tí kì í ṣe tiwa, bó ti wù kó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ló gbé, àlàyé rẹ̀ máa pọ̀. Tí ìjókòó ẹ̀yìn ò bá sí rárá, ọ̀rọ̀ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún àwọn bàbá mẹ́ta yẹn ni pé ẹ lè gbà fún wọn. Àmọ́ ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

OHÙN KEJÌ

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí pé owó wọn ò dọ́gba, ewu wọn náà ò dọ́gba.

Ọ̀nà kìíní ni kí a fi ìdérí rọ́pò ìjókòó. Ihò kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìdí alùpùpù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ó yí i, ìjókòó ẹ̀yìn á ṣí. Tẹ́ ẹ bá yí ìjókòó yẹn dojú dé, ẹ ó rí i pé ahọ́n kan wà tó ń wọ abẹ́ férémù, ìkọ́ irin kan sì wà tó ń kó sínú àgádágodo. Ìdérí tó bá dára máa ń ní ahọ́n àti ìkọ́ tirẹ̀ níbi kan náà gan-an. Ẹ ó ti ahọ́n bọ inú, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kọ́!" Ó parí. A ò gé nǹkan kan, a ò jó nǹkan kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a padà, kọ́kọ́rọ́ kan náà lẹ ó fi ṣí i.

Ọ̀nà kejì ni kí a yọ gbogbo pilasítíìkì ẹ̀yìn, kí a gbé odindi ìdí eré ìje tí wọ́n fi fáíbà ṣe wọlé. Ìyẹn kì í sábà ní àyè fún iná ẹ̀yìn, kò ní àyè fún trafficator, kò ní ibi tí a ó kan nọ́ńbà mọ́. Ó dára fún pápá eré ìje. Fún ojú títì wa, kò dára. Iná bírékì tí kò sí lẹ́yìn alùpùpù lóru, ẹ̀mí ẹni ló ń fi tọrọ lọ́wọ́ tírélà. Kò sì sí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó máa rí alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà tí á jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀nà kẹta ni kí a gé férémù. Férémù kékeré kan wà lẹ́yìn, tó yàtọ̀ sí férémù ńlá tó gbé ẹ́ńjìnnì. Òun ló gbé ìjókòó àti ìdí alùpùpù. Àwọn ọmọ máa ń wo fídíò lórí fóònù, wọ́n á rí òyìnbó tó gé e kúrú tó sì jó irin róbótó mọ́ ọn. Wọ́n á gbé tiwọn lọ bá wẹ́dà tó ń ṣe géètì. Ohùn tó ń bọ̀, orí ọ̀nà kẹta yìí nìkan ni mo máa lò ó.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbí, ẹ gbọ́ ìlànà kan tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú dání: ìjókòó ẹ̀yìn àti ìtẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìbejì ni wọ́n. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan, ẹ yọ èkejì. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀.

Kí nìdí? Tí ẹ bá yọ ìtẹsẹ̀ tí ẹ fi ìjókòó sílẹ̀, ẹnì kan á jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibo ló máa wá gbé ẹsẹ̀ lé? Orí sálẹ́ńsà tó gbóná ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ táyà àti chéènì. Tí ẹ bá sì fi ìdérí bo ẹ̀yìn tí ẹ fi ìtẹsẹ̀ sílẹ̀, ìtẹsẹ̀ yẹn á máa pe èèyàn pé "máa bọ̀". Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tiwa fi ìdérí sí i, ó fi ìtẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun fẹ́ dé ìyànà kan péré. Ó gun orí ìdérí, ó tẹ ìtẹsẹ̀. Ìdérí yẹn ń yọ̀, kò ní fóòmù, kò ní ìdìmú, inú rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n dé orí bọ́ǹpù, ìdérí là sí méjì, ọmọ náà sì fi ìdí lélẹ̀ lórí kóótà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kán. A dúpẹ́ pé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìkànnì yìí, mo ti gbàyè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ ọ́. Ẹ kú ìfaradà, Mà.

OHÙN KẸTA

Ọ̀rọ̀ gígé férémù rèé. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ yín bá wà nítòsí, ẹ pè é kó wá gbọ́.

Irin géètì yàtọ̀ sí irin férémù ẹ̀yìn power bike. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe irin rárá, alumíníọ́mù ni. Bó ṣe jẹ́ lára Honda CBR600RR nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni lára GSX-R ti 2006 síwájú. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì ara sípíkà àtijọ́ kan mọ́ ọn. Tí kò bá lẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe irin. Iná tí wẹ́dà wa fi ń jó géètì kò lè jó alumíníọ́mù kó dára. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló ń fẹ́, pẹ̀lú gáàsì argon, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Kódà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá jó o, ibi tí iná kàn á rọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ilé iṣẹ́ ti fi ooru tọ́jú rẹ̀ kó lè le nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀ ń rí i pé ó dán, àmọ́ agbára ti lọ.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Yamaha R6 láti ọdún 2008, àti R1 láti ọdún 2009, magnesium ni férémù ẹ̀yìn wọn. Ẹ jẹ́ kí n tún un pè: magnesium. Ó fúyẹ́ ju alumíníọ́mù lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lò ó. Àmọ́ eérú àti ìgé rẹ̀ tó bá dà sílẹ̀ nígbà tí a fi ẹ̀rọ gé e, ó lè gbaná. Tí magnesium bá gbaná, iná funfun tó ń pa ojú ni. Omi kì í pa á, ńṣe ni omi máa ń jẹ́ kó le sí i. Yanrìn gbígbẹ la fi ń bò ó. Ẹ wá fojú inú wo ìsọ̀ wẹ́dà nínú ọjà wa, tí páńẹ́ẹ̀lì igi wà lápá ọ̀tún, tí aláṣọ wà lápá òsì, tí jálá epo wà nílẹ̀, tí ẹnì kan sì bu garawa omi tó fẹ́ ran aládùúgbò lọ́wọ́. Àwa tá a mọ bí iná ṣe ń jẹ ọjà, ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù rẹ̀ fún wa?

Nǹkan mìíràn tún wà. Tí wọ́n bá fi iná wẹ́dà kan ara alùpùpù tí bátìrì rẹ̀ ṣì wà nídìí, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì lè jó. Ẹ ò ní rí èéfín, ẹ ò ní gbọ́ òórùn, àmọ́ alùpùpù ò ní dáhùn mọ́. Kọ̀ǹpútà yẹn, ẹni tó bá ti wá a rí mọ iye tó ń gbà. Bí iṣẹ́ iná bá fẹ́ di dandan lórí ohunkóhun lára rẹ̀, ẹ tú bátìrì, ẹ yọ kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ kúkú tú páàtì yẹn kúrò lára rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gbé e lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa sọ. Wọ́n á ní, "Bàbá, ọ̀rẹ́ mi gé tirẹ̀, kò sí nǹkan kan." Òótọ́ lè ni. Ọjọ́ tó máa yé e ni ọjọ́ tó bá fẹ́ tà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: fún àwa oníṣòwò, power bike yìí kì í ṣe ohun ìṣeré nìkan, owó ni a gbé pamọ́ sórí rẹ̀. Ọmọ wa kan kó àjọ ọdún kan àti ààbọ̀, ó fi ra GSX-R. Wẹ́dà kan gé ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi irin róbótó sí i. Ó rẹwà, n ò ní parọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, owó ìsọ̀ pé, onílé ò gbà kó san án díẹ̀díẹ̀, ó sì di dandan kó ta alùpùpù. Oníbàárà kìíní wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó rí ojú ibi tí wọ́n jó, ó ní, "Kí ló ṣe é? Ṣé ó ti ní jàǹbá ni?" Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnì kejì béèrè ìjókòó ẹ̀yìn, kò sí. Wọ́n béèrè férémù tuntun lọ́wọ́ mi, mo wá a títí dé Èkó kí n tó rí tòkunbọ̀ kan. Nígbà tí a fi máa parí rẹ̀, owó férémù, owó pilasítíìkì, owó ìjókòó, ó ti kó ìdajì èrè ọdún yẹn lọ. Ìsọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ni fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yá a lówó. Àmọ́ ìkan ló kù.

Ẹni tó bá fi ìdérí rọ́pò ìjókòó, tó gbé ìjókòó rẹ̀ sínú báàgì tó so mọ́ àjà ilé, kò sí èyí tó kàn án nínú ìyẹn.

OHÙN KẸRIN

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà lórí ìkànnì, ẹ fi tiyín kún un.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ọdún alùpùpù yín kí ẹ tó ra ìdérí. GSX-R 600 àti 750 ti ọdún kan náà ń lo ìdí kan náà. 1000 yàtọ̀. Láàárín 600 àti 750 náà, ti 2004 àti 2005 bára mu, ti 2006 àti 2007 bára mu, ti 2008 dé 2010 bára mu, láti 2011 ó tún yí padà. Tí ẹ bá ra ti 2008 fún ti 2006, ahọ́n rẹ̀ ò ní wọlé, ẹni tó tà á fún yín ò sì ní gbà á padà. Ẹ má gba ọdún tí ẹni tó ta alùpùpù pè fún yín. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì tó wà ní ọrùn alùpùpù níwájú. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ka nọ́ńbà náà láti ọwọ́ òsì títí dé ìkẹwàá. Tí ìkẹwàá bá jẹ́ 6, 2006 ni. 7 jẹ́ 2007, 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011.

Èkejì, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ìdérí. Ẹ yí i dojú dé. Ti ilé iṣẹ́ máa ń ní ABS tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Ti fáíbà, ẹ ó rí òwú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù rin. ABS máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó là, bó bá sì là, ó ṣeé lẹ̀ padà. Fáíbà kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń fọ́, eruku rẹ̀ sì ń yún ni lára. Tí ẹ bá fẹ́ yọ̀ ọ́ láyùn, ẹ fi nǹkan bo imú.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí sálẹ́ńsà gbà. Honda CBR600RR láti 2003, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn gan-an ni sálẹ́ńsà rẹ̀ gbà jáde. R1 ti 2004 dé 2008, méjì ló wà níbẹ̀. Ooru Kano ní oṣù kẹrin, ẹ fi ti sálẹ́ńsà kún un. Ìdérí tí kò ní bébà fàdákà tó ń dá ooru padà nínú á wú, ọ̀dà rẹ̀ á sì bó. Irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín sálẹ́ńsà àti ìjókòó, ẹ má yọ ọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kó fúyẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ìtẹsẹ̀. Bọ́ọ̀tì méjì méjì ló sábà máa ń mú irin rẹ̀, Allen key ló ń tú u. Àmọ́ kí ẹ tó fà á kúrò, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tí sálẹ́ńsà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ìtẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà ló gbé sálẹ́ńsà dúró. Tí ẹ bá yọ ọ́ láìfi nǹkan rọ́pò, sálẹ́ńsà á kọ́ sórí páìpù nìkan, gbogbo gbọ̀ngbọ̀n títì á máa jù ú, páìpù á là níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Irin ìkọ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń tà fún ìyẹn. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ fi irin náà sílẹ̀, ìtẹsẹ̀ orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ yọ. Píìnì kan ló mú un.

Ẹ̀karùn-ún, tí ẹ bá ń dá bọ́ọ̀tì padà, ẹ má fi gbogbo agbára yín fún un. Bọ́ọ̀tì 6 mm tó wọ inú alumíníọ́mù, nǹkan bí 10 Nm tó o. Ìyẹn ni agbára ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ti èjìká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi páìpù kún sípánà, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa ojú ihò rẹ́. Rọ́bà àti wáṣà tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ dá wọn padà síbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, iná. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá yọ ìjókòó ló máa fẹ́ gé ìrù ibi nọ́ńbà náà, kí ó sì fi trafficator kéékèèké LED síbẹ̀. Tí trafficator bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàràwàrà bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ lójú, kò bàjẹ́. LED kì í gba iná púpọ̀, relay àtijọ́ rò pé gílóòbù kan ti jó. Ẹ pààrọ̀ relay sí ti LED. Iná bírékì gbọ́dọ̀ tàn, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ hàn. Lórí ìwọ̀nyí, mi ò bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Ìkeje ni èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Alùpùpù tí ò ní gbé ẹnì kejì mọ́, ẹ wo ṣọ́kì ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ bá ti fún spring rẹ̀ mọ́lẹ̀ torí pé ó ń gbé èèyàn méjì, ẹ̀yìn á le jù fún ẹnì kan, á máa ta lórí títì tí kò dán. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí táyà kúrò nílẹ̀, ẹ wọn láti àárín táyà dé ibì kan lókè. Kí ẹni tó ń wà á wá gùn ún pẹ̀lú akoto àti aṣọ rẹ̀, ẹ tún un wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 30 àti 40 mm. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ spring. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un. Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́? Ẹ má gba ti fọ́gánáísà tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Sítíkà wà lára apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fún un.

OHÙN KARÙN-ÚN

Àwọn ìbéèrè ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀ kí n tó lọ sùn, ọjà wà lọ́la.

Ẹnì kan béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ńkọ́? Mo máa ń gbé wọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Tó bá jẹ́ pé ìlú tí òfin ti gbà á lẹ wà, ẹ lo ọ̀nà kìíní. Ẹ tọ́jú ìjókòó, ẹ tọ́jú ìtẹsẹ̀, ẹ kó bọ́ọ̀tì wọn sínú ọ̀rá kan kí ẹ so ó mọ́ wọn. Lálẹ́ Sátidé, ẹ dá méjèèjì padà, kì í ṣe ìjókòó nìkan. Ẹ fi ọwọ́ fa ìjókòó náà sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ìyàwó tó gùn ún, kó dá yín lójú pé ó ti kọ́. Kí ẹ sì ra akoto kejì. Ẹ rántí ọdún 2009, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni akoto, tí àwọn kan ń dé igbá àti ìkòkò lórí. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Orí tó bá kan kóótà kì í rẹ́rìn-ín.

Ìyá wa kan béèrè bóyá wọ́n lè di ẹrù mọ́ orí ìdérí yẹn. Rárá o, Mà. Inú rẹ̀ ṣófo, ojú rẹ̀ ń yọ̀, okùn ò ní ibi tó máa mú. Ẹrù ọjà, ẹ jẹ́ kó wà lórí Bajaj tàbí nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tó bá ní òun máa fi power bike kó ọjà fún yín, epo bẹntiróòlù ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹlòmíràn ní ṣé ó ń dín epo kù. Ẹ má tan ara yín. Ọwọ́ tó ń fa gáàsì ló ń jẹ epo, kì í ṣe ìjókòó.

Ọ̀dọ́ kan ní òun fẹ́ ṣe é sára Jincheng òun. Ọmọ mi, ìjókòó Jincheng gùn, ọ̀kan ṣoṣo ni, kò pín sí méjì. Tí o bá gé e, o ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Fi í sílẹ̀ kó máa báṣẹ́ lọ. Ọjọ́ tó o bá ra ńlá, wá bá mi ní ìsọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta páàtì, ọjà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún wa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tà á pẹ̀lú òótọ́. Kí ẹ tó gba owó ìdérí lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ ní kó fi fóònù ya nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ àti abẹ́ ìjókòó rẹ̀ wá. Ẹ fi ahọ́n wé ahọ́n, ẹ fi ìkọ́ wé ìkọ́. Tí kò bá bá a mu, ẹ sọ fún un pé kò bá a mu. Tí wọ́n bá gbé ìjókòó ẹ̀yìn wá tà fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá padà wá rà á lọ́dún tó ń bọ̀, owó tí ẹ máa pè fún un á yàtọ̀. Ọmọ wa ni. Àjò la wà, kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ fún un.

Ẹ̀yin bàbá mẹ́ta tẹ́ ẹ pè mí, ohun tí ẹ máa sọ nílé kò gùn. Ẹ sọ fún wọn pé: ìdérí, bẹ́ẹ̀ ni; ayùn, rárá. Ìjókòó àti ìtẹsẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Iná àti nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà. Ìjókòó tí wọ́n bá yọ, inú ilé ló máa wà, nítorí pé a ò mọ ọjọ́ tí owó ìsọ̀ máa pé.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kó má pe fóònù nígbà tí mo bá ń ṣọjà. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa lójú títì. Àjò ò ní lé wa, ọjà á tà, a ó jèrè, a ó sì kó èrè délé. Ó dàárọ̀ o.